Bí A Ṣe Ń Jókòó Ti Ìdájí: Fún Ará Ìlọrin àti Gúúsù Kwara

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń jí ní ìdájí, ìwọ̀nba ló ń jókòó tì í. Ẹni tó kírun àsùbáà tán ń sáré padà sórí ẹní, oníṣòwò ń wá bàtà, ìyá ọlọ́mọ ń gbé omi kaná. Ìdájí tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni èyí tí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ yà sọ́tọ̀: bíi wákàtí kan níta, láìsí iṣẹ́ lọ́wọ́, kí afẹ́fẹ́, òórùn àti ohùn lè ráyè gbé ohun àtijọ́ wá sí ọkàn. Kò gba owó. Ètò ló gbà, alẹ́ àná sì ni ètò náà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Aago tí ẹ máa jáde

Oòrùn kì í yọ ní aago kan náà látìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí. Ní Ìlọrin àti agbègbè rẹ̀, láti ìparí oṣù Karùn-ún wọ oṣù Kẹfà, ó ń yọ ní nǹkan bí 6:20. Ní ìparí oṣù Kìíní, tí ọyẹ́ ṣì ń fẹ́, ó máa ń tó 7:00 kó tó yọjú. Ẹni tó bá wá di 6:15 mú láti oṣù dé oṣù, òkùnkùn ni yóò ṣì bá nígbà ọyẹ́, ilẹ̀ tó ti mọ́ ni yóò bá nígbà òjò, yóò sì máa rò pé ìdájí ti yí padà.

Ìgbà tí oòrùn ń yọ ni kí ẹ fi ka aago padà sẹ́yìn. Ní nǹkan bíi wákàtí kan ó lé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú, ìmọ́lẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í hàn ní ìsàlẹ̀ ọ̀run. Ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ṣáájú, ẹ ó lè rí ìlà àtẹ́lẹwọ́ yín láìtan iná. Àárín àkókò méjèèjì yìí ni a ń wá. Kí ẹ ti wà lórí ìjókòó ní wákàtí kan ṣáájú kí oòrùn tó yọ, kí ẹ sì dìde nígbà tó bá yọ tán. Ìrọ̀rùn wà níbẹ̀ fún mùsùlùmí, torí àsìkò ìrun àsùbáà bọ́ sí ibẹ̀. Ẹ kírun tán, ẹ má padà wọlé.

Bí ẹ kò bá mọ ibi tí oòrùn máa gbà yọ, ẹ wo mọ́sáláṣí àdúgbò. Láti Ìlọrin, gábàsì, ìyẹn apá Mẹ́kà tí lèmọ́mù ń kọjú sí, tẹ̀ díẹ̀ sí apá àríwá. Nínú oṣù Kẹfà, ibẹ̀ gan-an ni oòrùn ń gbà yọ. Nínú oṣù Kejìlá, yóò ti sún lọ dáadáa sí ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó kọjú sí gábàsì. Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹ bá ń gbé àga kalẹ̀, torí ilé alájà kan lásán ti tó láti dí oòrùn oṣù Kejìlá tí ẹ rí kedere nínú oṣù Kẹfà.

Ibi tí ẹ máa jókòó sí

Ẹ̀yìnkùlé yín tàbí iwájú ilé yín ló dára jù. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ máa fẹ́ gun Òkè Ṣóbí tàbí kí wọ́n wakọ̀ lọ sí ìtàkìtì omi Ọ̀wù. Ibi tó wuni ni méjèèjì, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún iṣẹ́ yìí. Gígun òkè nínú òkùnkùn léwu, ojú yín á sì wà lára àpáta tí ẹ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní Ọ̀wù, ariwo omi á bo gbogbo ohùn yòókù mọ́lẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ohun tí ẹ̀yìnkùlé lè ràn yín létí, kò sí òkè tó lè ràn yín létí rẹ̀. Ibi tí a ti gbé ayé ni ìrántí ń sùn sí. Ẹni tó bá ṣì ní agbo ilé baba rẹ̀ ní Ọ̀fà, Òmù-Àrán, Ìgbàjà tàbí Òrò, kó lọ sùn síbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan kó lè jí níbẹ̀. Ó yàtọ̀ pátápátá sí kí èèyàn wakọ̀ dé ibẹ̀ ní agogo mẹ́wàá.

Lábẹ́ igi tàbí ní gbangba? Ẹ wo ìrì. Ní òru tí ojú ọ̀run mọ́ tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́, ilẹ̀ á tú ooru rẹ̀ sókè, á tutù, ìrì á sẹ̀ sórí koríko. Lábẹ́ igi tó ní ewé dáadáa tàbí lábẹ́ àjà, ooru náà kì í ráyè sá lọ tán, nítorí náà ìrì kì í pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ kí aṣọ òun tutù, abẹ́ dóńgóyárò ni kó gbé àpótí sí. Máńgòrò dára ní gbogbo ìgbà, àfi oṣù tí èso rẹ̀ bá pọ́n, tí àdán á ti fi gbogbo òru jẹ ẹ́, tí ẹ ó wá bá ìdọ̀tí àti èṣìnṣìn nílẹ̀.

Ẹ jìnnà sí ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò àti sí ojú títì. Bí kò bá sí bí ẹ ṣe lè jìnnà, ẹ yan òwúrọ̀ Sátidé tàbí Sọ́ńdè tí kò sí ọmọ iléèwé àti akọ́ṣẹ́ lójú ọ̀nà. Ní ìlú tí ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún bá wà, ẹ fi ọjọ́ ọjà sílẹ̀.

Ohun tí ẹ máa gbé jáde

Kó wọn jọ lálẹ́, kí ẹ má baà máa wá nǹkan káàkiri kí gbogbo ilé ji pẹ̀lú yín. Àpótí tàbí àga kékeré. Ẹní dára, ṣùgbọ́n ẹni tó bá nà gbalaja sórí ẹní ní ìdájí, oorun ni yóò sùn. Aṣọ ìborùn tó nípọn. Bútà omi kan. Tọ́ọ̀ṣì fún ìrìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àga, kí ẹ fi yẹ abẹ́ àga àti ilẹ̀ wò nítorí àkéekèé àti ìjàlọ. Ìwé pélébé kan pẹ̀lú bírò. Àti orín.

Orín ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá dá jókòó tí kò sọ̀rọ̀, wọ́n á bi í pé ta ló kú, tàbí kí ni ìyàwó ṣe. Ẹni tí orín wà lẹ́nu rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa retí ọ̀rọ̀ gígùn lẹ́nu rẹ̀. Ẹ ó na ọwọ́ sókè, ẹ ó mi orí, ó parí. Tẹ̀súbáà náà ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Síbẹ̀, ẹ sọ fún àwọn ará ilé lálẹ́ pé ẹ máa jókòó síta, kí wọ́n má baà tan iná wá yín kiri.

Ẹ fi fóònù sílẹ̀ nínú ilé. Ó máa ń gba ojú ní bí ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó mọ òkùnkùn dáadáa. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹ bá wo ojú fóònù, ìyẹn bàjẹ́, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ká tó wá sọ ti àtẹ̀jíṣẹ́ tí àwọn èèyàn fi ránṣẹ́ lóru. Bí ẹ bá fẹ́ mọ aago, aago ọwọ́ ti tó.

Bí ẹ bá fẹ́ ohun mímu gbígbóná, ẹ sè é lálẹ́: ata ilẹ̀ tútù tó gùn tó àtàǹpàkò kan, kànáfùrù mẹ́rin, omi kọ́ọ̀bù mẹ́ta. Ẹ gún ata ilẹ̀ náà, ẹ jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ dà á sínú fíláàsì. Kànáfùrù tó bá ju mẹ́rin lọ máa ń mú kí ahọ́n kú. Àmọ́ ẹ má ṣí fíláàsì náà kí oòrùn tó yọ. Òórùn rẹ̀ lágbára, yóò gba gbogbo imú kan, ẹ kò sì ní gbọ́ òórùn ilẹ̀ mọ́. Bákan náà ni lọ́fínńdà, tùràrí àti òróró ìpara olóòórùn: ẹ jẹ́ kó di ọ̀sán.

Wákàtí náà gan-an

Etí ni kí ẹ kọ́kọ́ lò, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ wá ohùn tó jìnnà jù lọ tí ẹ lè gbọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀ sí èyí tó sún mọ́ yín. Ìdájí ni ohùn ń rìn jìnnà jù. Afẹ́fẹ́ tútù ló jókòó sórí ilẹ̀, èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wà lókè rẹ̀ bí òrùlé, ó sì ń dá ohùn padà wá sísàlẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí ládánì òdìkejì odò Àsà dún bí ẹni pé ó wà ní òpópónà kejì nìyẹn. Ohun náà ló ń mú kí èéfín igi sùn sórí ilẹ̀ tí kì í fi lọ sókè. Nígbà tí oòrùn bá ti gbóná díẹ̀, òrùlé náà á tú, ohùn àti èéfín á sì ká kúrò.

Ẹ ó gbọ́ bí ohùn ṣe ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn. Àkùkọ ń kọ kí ìmọ́lẹ̀ tó dé. Àdàbà ń tẹ̀ lé e. Ẹ̀lúlùú á máa ké látinú igbó etí omi, pàápàá nígbà òjò, ohùn rẹ̀ á máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí omi tó ń tú jáde nínú ìgò. Ẹ̀gà ni kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́ tí ilẹ̀ bá ti mọ́. Láàárín wọn ni ọwọ̀ tó ń gbálẹ̀, garawa lẹ́nu kànga, ìdérí ìkòkò. Ẹ fara balẹ̀ sí ọwọ̀. Ìró ọwọ̀ lórí ilẹ̀ erùpẹ̀ kò jọ ti orí sìmẹ́ǹtì rárá: ti erùpẹ̀ ń fà gùn, ti sìmẹ́ǹtì ń gé. Ọ̀pọ̀ ẹni tó dàgbà ní agbo ilé, ti erùpẹ̀ yẹn nìkan ló máa ń mú wọn rántí ẹni tó ń gbálẹ̀ nígbà èwe wọn, bó ṣe tẹ̀, ọwọ́ kan lẹ́yìn.

Lẹ́yìn etí, imú. Ẹ fi imú fa afẹ́fẹ́ kéékèèké, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, ẹ sinmi. Ẹ má fà á gùn. Imú máa ń yára sú òórùn: lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ohun tí ẹ ń gbọ́ dáadáa á dà bí ẹni pé kò sí mọ́. Ẹ dìde, ẹ rìn dé òpin ẹ̀yìnkùlé, ẹ padà, ẹ ó tún gbọ́ ọ.

Òórùn kọ̀ọ̀kan ní àsìkò tirẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀, ní oṣù Kẹta tàbí Kẹrin, ló ń gbé òórùn erùpẹ̀ gbígbẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tutù dìde, òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ló sì dára jù láti jókòó. Nígbà ọyẹ́, koríko tí wọ́n sun àti eruku ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú òdòdó kajú àti máńgòrò fún ẹni tó bá wà nítòsí oko. Ní abúlé Ìgbómìnà tí wọ́n bá ti fi òru se igbá fún irú, èéfín yẹn á ti gba gbogbo àdúgbò kí ilẹ̀ tó mọ́, torí igbá kì í rọ̀ bọ̀rọ̀, ó lè wà lórí iná láti ìrọ̀lẹ́ títí di òwúrọ̀. Ní etí Ìlọrin, lápá ibi tí gáà àwọn Fúlàní wà, òórùn màlúù àti wàrà ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo imú. Òun ló ní ọ̀nà tó kúrú jù lọ sí apá ọpọlọ tó ń tọ́jú ìrántí àti ìmọ̀lára. Ohun tí ojú rí tàbí tí etí gbọ́ kọ́kọ́ ń gba ibùdó kan kọjá nínú ọpọlọ. Òórùn kì í dúró níbẹ̀. Ìrántí tí òórùn bá gbé wá sì sábà máa ń jẹ́ ti ìgbà èwe, nígbà tí èèyàn kò tíì pé ọdún 10. Ìdí nìyí tí òórùn kókó tó ń hó lè fa omi sójú àgbàlagbà, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ohun tó ń sunkún fún.

Bí ìrántí bá dé

Ẹ má pè é. Ẹni tó bá jókòó tó ń bi ara rẹ̀ pé “kí ni mo rántí, kí ni mo rántí”, ọ̀rọ̀ owó iléèwé ni yóò rántí. Ìgbà tí ọkàn kò di nǹkan kan mú ló máa ń wọlé fúnra rẹ̀, ó sì sábà máa ń jẹ́ kékeré: àwọ̀ ife kan, ìlẹ̀kùn tó ń han, ẹsẹ̀ ẹnì kan. Bó bá ti wọlé, ẹ má sáré bi í ní ọdún àti ọjọ́. Ara ni kí ẹ bi: níbo ni mo jókòó sí? Kí ló wà lọ́wọ́ mi? Ṣé òtútù ń mú mi? Ta ló wà lẹ́yìn mi? Bí ẹ bá ti dáhùn bíi méjì, ìyókù á máa tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí márùn-ún ni kí ẹ kọ sílẹ̀. “Ife pupa, ìyá àgbà, eérú.” Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gbólóhùn gígùn ti di akọ̀wé, ìdájí á sì lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí oòrùn bá yọ tán, tí ẹ ti ṣí fíláàsì, ẹ padà sí àwọn ọ̀rọ̀ náà kí ẹ kọ ìyókù. Bí ẹ bá dúró di alẹ́, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí kò ní ìtumọ̀ mọ́.

Òwúrọ̀ mìíràn wà tí nǹkan kan kò ní wá. Kò sí ohun tó ṣe é. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó. Ẹni tó bá ń ṣe é lójoojúmọ́, eyín ni yóò máa fi orín fọ̀ lásán.

Òkú máa ń wá pẹ̀lú. Ẹni tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ti lọ, ìdájí ni yóò gbọ́ ikọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí omijé wá bó bá fẹ́ wá, ẹ ṣàdúrà fún ẹni náà, ẹ máa bá ìjókòó lọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ohun burúkú kan náà ló ń padà, tí àyà ń já, ẹ dìde lójú ẹsẹ̀, ẹ bọ́jú, ẹ bá èèyàn sọ̀rọ̀. Tó bá di ohun tí kò jẹ́ kí ẹ sùn tàbí jẹun fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ọ̀rọ̀ dókítà ni.

Bí ẹ bá fẹ́ jókòó pẹ̀lú àgbà

Èyí ló lérè jù lójú tiwa, òun sì ni àwọn èèyàn ń sún síwájú jù. Àgbà kì í sùn pẹ́. Ẹ lọ kí wọn lẹ́yìn ìrun tàbí àdúrà, kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ bó ṣe yẹ, ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn, kó má jẹ́ ọ̀kánkán, kí ẹ jọ máa wo ibì kan náà. Ẹ dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ má sọ pé “Bàbá, ẹ sọ ìtàn ayé àtijọ́ fún mi.” Ìbéèrè yẹn tóbi, “ayé ti yí padà” lásán ni ẹ ó gbọ́. Ẹ bi wọ́n ní kékeré: “Bàbá àgbà, ta ló máa ń kọ́kọ́ jí nínú agbo ilé yín?” “Ìyá àgbà, kí lẹ máa ń jẹ kí ẹ tó lọ sódò?” “Odò wo ni? Ta lẹ jọ ń lọ?” Ẹ tún lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kí yín ní oríkì, bí wọ́n ṣe ń kí ọmọ tó bá jí. Ẹni tó bá jẹ́ ará Ọ̀fà, ó ṣeé ṣe kó gbọ́ Olófà Mojò àti “ìjàkadì lorò Ọ̀fà” lọ́nà tí kò gbọ́ ọ rí lórí rédíò, torí ti agbo ilé tirẹ̀ á wà láàárín rẹ̀.

Níbí nìkan ni fóònù lè jáde. Ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó gba ohùn sílẹ̀, ẹ pa íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ẹ da ojú rẹ̀ délẹ̀ sórí aṣọ, kì í ṣe sórí pákó tó máa ń dún. Bíi gígùn apá kan sí ẹnu wọn ti tó. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi aṣọ dí afẹ́fẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fùù ni gbogbo ohùn náà á jẹ́.

Ohun tó ń ba ìdájí jẹ́

Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri, òru ló ń jẹun títí ilẹ̀ á fi mọ́, kò mọ̀ pé ẹ wá ronú. Aṣọ alápá gígùn, ṣòkòtò tó dé ọrùn ẹsẹ̀, àti ìbọ̀sẹ̀ bó bá jẹ́ àsìkò òjò.

Ọyẹ́ kì í ṣe eré fún àwọn kan. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, òtútù lè gbé ìrora dìde sí i lára. Ẹni tó ní ásímà, eruku ọyẹ́ lè dí i lọ́nà ọ̀fun. Kí àwọn yìí jókòó sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú fèrèsé ṣíṣí díẹ̀, tàbí kí wọ́n dúró de oṣù Kẹrin. Ti àgbàlagbà náà rí bẹ́ẹ̀: ẹ bo orí àti ẹsẹ̀ wọn kí ẹ tó bo ejìká.

Ní ti ààbò, ìdájí ojú ọ̀nà oko ní gúúsù Kwara kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ má dá lọ sí oko, odò tàbí òkè kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ bi àwọn fijilánté tàbí ọdẹ ìlú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Bó bá jẹ́ iwájú ilé lẹ fẹ́ jókòó sí, ẹ jẹ́ kí ọdẹ àdúgbò mọ̀ lálẹ́, kó má baà tan tọ́ọ̀ṣì sí yín lójú kó sì bi yín ní orúkọ baba yín.

Ìkíni kò ṣeé sá fún, kò sì yẹ ká sá fún un. Ẹ dáhùn “Ẹ kú ìdájí” tàbí “Ẹ káàárọ̀” pátápátá, kí ẹ padà sínú ìdákẹ́jẹ́ yín. Èyí tó ń fa wàhálà ni ẹni tó fẹ́ dúró. Ẹ má gbé àga fún un.

Bí òjò bá sì ń rọ̀, ẹ gbé àpótí padà sábẹ́ àjà, sún un sẹ́yìn tó bí ìgbésẹ̀ méjì kí omi má fọ́n sí ìwé yín, kí ẹ sì fi ìrètí ohùn tó jìnnà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Páànù á bo gbogbo rẹ̀. Imú ni kí ẹ fi gbogbo wákàtí náà fún.